Ọ̀pá Tí Ó Ń Bá Àbúrò Mi Jà

Òórùn kan wà nínú yàrá ẹ̀yìn nílé Màámi ní Òkè-Ìlá tí imú mi kò tíì gbàgbé títí dòní: òórùn kánfọ̀ tí wọ́n fi sáàárín aṣọ, ti ọ̀dà ara ògiri, àti ti kọ̀ǹpútà tó ti gbóná. Inú yàrá yẹn ni àbúrò mi ọkùnrin máa ń dùbúlẹ̀ sí láti òwúrọ̀ dalẹ́, tí á kọjú sí ògiri, ní ìwọ̀nba ọdún tó kù kí ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun wọlé. Awakọ̀ òfuurufú ló fẹ́ jẹ́. Ó ti dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ, ó ti fọwọ́ kan ọ̀pá ìdarí ọkọ̀ gidi, kí dókítà tó wo ojú rẹ̀, tó ní àìsàn kan ti ń jẹ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ wọnú. Wọ́n dá a padà sílé. Nígbà tí mò ń sọ yìí, ojú òsì ti lọ, ti ọ̀tún ń tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, oògùn tí a ń kán sí i kò sì lè ṣe ju pé kó dá a dúró fúngbà díẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, bí o bá ti rí géńdé ọkùnrin tó ń sunkún láìgbóhùn sókè rí, wàá mọ irú ilé tí a ń gbé.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Fájuyì nígbà náà, níbi tí mo ti ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ara mi kò gbà á mọ́, mo gbé ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà náà wálé, mo fi eré ogun òfuurufú kan sórí rẹ̀. Àbúrò mi fi kíbọọ̀dù wa ọkọ̀ inú eré náà fún ọjọ́ mélòó kan, ó ṣíwọ́. Ó ní, "Àǹtí mi, n kò rí nọ́ńbà iwájú rẹ̀ dáadáa mọ́. Ká ní ọwọ́ mi ń mọ̀ ọ́n ni, ojú mi ì bá sinmi." Ó ṣàlàyé fún mi pé nínú ọkọ̀ gidi, ọ̀pá ìdarí ló ń bá ọwọ́ sọ̀rọ̀: bí ọkọ̀ bá ń sáré púpọ̀, á le, bí ó bá fẹ́ já bọ́, á máa gbọ̀n. Mo sọ ọ́ létí àbúrò Màámi tó ń gbé Amẹ́ríkà. Nígbà tó yá, ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé bá wa gbé páálí kan dé.

Jọ́sítíìkì ni, ọ̀pá ìdarí tó ní mọ́tò nínú, ó sì wúwo bí odó kékeré. Iná Amẹ́ríkà kò lágbára tó tiwa, nítorí náà mo yá tiransifọ́mà lọ́wọ́ atúnrédíòṣe àdúgbò wa kí iná tiwa má baà jó o. Mo ki wáyà rẹ̀ bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, mo fi síídì tó bá a wá sí i, kọ̀ǹpútà ní kí n yí ọ̀pá náà sọ́tùn-ún, sósì, síwájú, sẹ́yìn, kí òun lè mọ ibi tí ìrìn rẹ̀ mọ. Mo fi orí ìka ṣe gbogbo rẹ̀, mọ́tò inú ọ̀pá náà kò jí. Mo tú u, mo tún un tò, pàbó ni. Ìgbà tí àbúrò mi fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ dì í mú ló tó jí. Ojú kékeré kan wà lára ọ̀pá náà tó fi ń mọ̀ bóyá ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni, NEPA sì ṣàánú wa. Ọkọ̀ gbéra. Bó ṣe ń sáré ni ọ̀pá ń le. Bó bá yìnbọn, gbogbo tábìlì á máa gbọ̀n. Ó gbé imú ọkọ̀ sókè jù, ọ̀pá náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rọra tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ láìwo ojú kọ̀ǹpútà rárá. Àfi bó ṣe bú sẹ́rìn-ín. "Ó ń bá mi jà, Àǹtí mi! Ó ń bá mi jà!"

Ẹ̀rín yẹn ni Màámi gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, tàwọn ti sùtánà funfun lọ́rùn. Aládùúrà pọ́ńbélé ni wọ́n. Kò sí ohun tuntun tí a ń lò nílé wa tí wọn kì í kọ́kọ́ bu omi àdúrà sí: maṣíìnì ìránṣọ, kẹ̀kẹ́, ìkòkò, títí kan ọmọ tuntun. Omi náà kò sì ba ọ̀kankan jẹ́ rí. Omijé ti bo ojú wọn bí wọ́n ṣe wọ yàrá, tí wọ́n ṣí ìgò omi àdúrà wọn. "Olúa, bùkún uṣẹ́ ọwọ́ ọmọ mi! Má jẹ̀ẹ́ kí ayọ̀ kúò ní ulé mi!" Wọ́n dà á sí i lórí, wọ́n dà á sí i lọ́wọ́, àtọwọ́ àtọ̀pá tó dì mú. Kí n tó lanu, nǹkan ti dún pàù, èéfín rú, ọ̀pá náà sì rọ jọ̀wọ̀lọ̀.

Màámi dúró pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́. "Àbí èmi ni mo bà á jẹ́, ọmọ mi?"

Àbúrò mi ti dìde. Ó di ọwọ́ wọn tó tutù mú. "NEPA ni, Màámi. Iná wọn ló pọ̀ jù. Omi yín kò ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ ṣé tí ẹ gbàdúrà fún mi." Ó ṣe àmín, ó ṣe é sókè. Màámi bá ń gbé NEPA ṣépè jáde lọ síta.

Ìgbà tí ẹsẹ̀ wọn jìnnà tán ló yíjú sí mi. "Àǹtí mi, ṣé wọ́n gbà á gbọ́? N kò rí ojú wọn."

Mo ní wọ́n gbà á gbọ́. Atúnrédíòṣe tú ọ̀pá náà palẹ̀, ó mi orí, ó kó o padà fún mi. A kò rí òmíràn. Kí òjò ọdún kejì tó dé, ojú ọ̀tún náà ti kú, àbúrò mi sì padà kọjú sí ògiri.

Ó pẹ́ tí mo fi ń wá ẹni tí n óò bínú sí. Ṣé ìyá tó gbàdúrà ni, àbí ẹni tó fẹ̀bùn ránṣẹ́? N kò rí ẹnì kan. Gbogbo wa la fẹ́ràn rẹ̀, ìṣojú wa sì ni ohun kan ṣoṣo tó kù fún un ti jóná mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n máa ń ní ìfẹ́ ló borí ohun gbogbo. Èmi ti rí ibi tí ìfẹ́ ti ba nǹkan jẹ́, tí ẹni tí a bà á jẹ́ fún sì ń fi ìwọ̀nba ìríran tó kù fún un wá ojú ìyá rẹ̀ kiri, kó lè mọ̀ bóyá ọkàn ìyá náà ti balẹ̀.