Òòlù Bàbá Mi Lórí Afárá Ṣọ́jà

Bí mẹkáníìkì ẹ̀yìn ilé mi bá ti fi òòlù lu irin, etí mi á padà sí odò yẹn, lọ́nà Tẹ̀dé.

Àwọn ṣọ́jà ló kó afárá onírin náà wá ní wẹ́wẹ́, tí wọ́n tò ó pọ̀ sórí odò. Gbogbo ìlú ń lọ wò ó. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá mi, kò lè rí irin kó má tẹ́tí sí i. Nígbà tí èmi àti òun kọjá sí òdìkejì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi òòlù kan ọ̀pá kan, ó dún gbáń. Ó kan òmíràn, gbáń. Ìkẹta dún kọ̀ọ̀, bí ìkòkò tó sán.

Ó ké sí ṣọ́jà tó ń ṣọ́ ibẹ̀: "Ọ̀gá, irin yín yìí ti sán o."

"Olè! O fẹ́ tú afárá ìjọba!"

Kòbókò ti balẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kó tó dìde. Ṣọ́jà kejì fi bàtà tẹ orí rẹ̀ mọ́ irin tí oòrùn ti yan gbóná, awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì bó síbẹ̀. Mo ké pé, "Ẹ má lù ú mọ́, bàbá mi ni!" Wọ́n gbá mi létí, ẹ̀jẹ̀ kún mi lẹ́nu. Bàbá mi ṣì ń sọ ọ́ lábẹ́ ẹgba: "Ó ti sán. Ẹ lù ú wò, kẹ́ ẹ gbọ́."

Wọ́n ju òòlù rẹ̀ sódò.

Nígbà tí wọ́n fi wá sílẹ̀, kò gba orí afárá padà sílé, ó gbé mi lé èjìká, ó wọ odò, omi mù ún dé àyà. Àwọn tó ń rìn lórí afárá ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà rò pé ẹ̀rù ṣọ́jà ló ń bà á.

Mo dàgbà tán kí n tó mọ̀ pé irin yẹn ló ń gbé mi sá fún.