Ìgbín Inú Wáyà Táhírù Abọ́dẹrìn

Nígbà kan, níbi ìkómọ kan ní àdúgbò Asawase ní Kumasi, ní Ghana, Táhírù Abọ́dẹrìn bọ́ síwájú baba ọmọ, ó tẹrí ba dáadáa, ó sì kí i pé, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o." "Ẹ kú ọwọ́ lómi" ló yẹ kó sọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin òkú là ń kí kú àṣẹ̀yìndè, ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ tó ń ké nínú yàrá kò sì tíì kú. Ìyá ọmọ figbe ta. Àwọn àgbà bá a tọrọ àforíjì, wọ́n ní Kumasi ni wọ́n bí i sí, inú fọ́tò nìkan ló ti rí Ògbómọ̀ṣọ́ tí bàbá rẹ̀ ti wá. Táhírù fúnra rẹ̀ kò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ó ní ìkíni ni ìkíni ń jẹ́.

Ọkùnrin yìí náà ló jẹ́ olórí kọ̀ǹpútà ní ilé iṣẹ́ Alájì Sàláúdéènì ní Ayigya, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń tẹ ìwé àṣekágbá wọn. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ló wà níbẹ̀, wáyà kan ló so gbogbo wọn pọ̀. Inú kọ̀ǹpútà àgbà tó wà ní ọ́fíìsì Alájì ni wọ́n ń kó gbogbo iṣẹ́ sí, ibẹ̀ sì ni márùn-ún yòókù ti ń pe fáìlì jáde. Táhírù ti ṣe kọ́ọ̀sì ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Accra. Ó fi férémù sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó sì gbé e kọ́ sára ògiri, ó fi díẹ̀ ga ju àwòrán Alájì ní Mẹ́kà lọ.

Ní oṣù kìíní ọdún 1996, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́, ó sọ fún Alájì pé ètò tó ń darí àwọn kọ̀ǹpútà náà ti di ti ayé àtijọ́, òun fẹ́ fi tuntun rọ́pò rẹ̀.

"Alájì, wọn á máa sáré bí ẹṣin."

Alájì ní kó má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà àgbà. Wúlẹ̀mọ̀tù, àgbà nínú àwọn atẹ̀wé, kò gbà fún un náà. Ó ní, "Tèmi ń rìn. Mi ò bá ẹnikẹ́ni sáré ìje." Nítorí náà mẹ́rin tó kù ni Táhírù fún ní ọgbọ́n tuntun ní ọjọ́ Sátidé.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ẹṣin náà dé lóòótọ́, àfi bí ẹni pé ó yà jẹko lọ́nà. Fáìlì tó máa ń ṣí kí ènìyàn tó sín tán wá di ohun tí èèyàn ń pè, tí yóò jáde lọ ra ìrẹsì àti ẹ̀wà, tí yóò jẹ ẹ́, tí yóò fọwọ́, kí ó tó dé. Efua, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ̀wé lórí igi tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò Anloga ń lò, jókòó ti kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú.

"Bra Tahiru, mepa wo kyɛw," ó ń fi Twi bẹ̀ ẹ́, "ṣé ó ti ń bọ̀?"

"Ó wà lọ́nà."

Alájì pè é. "Táhírù, mo fún ọ di ọjọ́ Jímọ̀. Bí a bá kírun tán tí nǹkan wọ̀nyí ṣì ń rìn bí ìgbín, já ìwé ẹ̀rí rẹ lára ògiri, kí o máa gbé e lọ sílé."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Táhírù lára. Yìgì rẹ̀ pẹ̀lú Ràzíátù, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ku oṣù kan, nítorí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yìí gan-an sì ni baba Ràzíátù ṣe gbà fún un. Ààfáà ni bàbá náà, ó sì ti sọ ọ́ kedere pé òun kò ní fọmọ fún ọkùnrin tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn kan náà, Táhírù ní ọyẹ́ ló fà á. Ó fi òwú àti sípíríìtì nu ikùn gbogbo kọ̀ǹpútà. Wọ́n ń dán, wọ́n sì ń falẹ̀. Ní Túsìdè, ó ní wáyà ni. Ó wọ abẹ́ tábìlì láti àárọ̀ títí di ìrun Àílà, ó ń tú gbogbo oríkèé wáyà, ó ń tún wọn dè. Ní gbogbo àkókò yẹn kò sí fáìlì kankan tó lè wọlé, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ pé ó ń falẹ̀. Ní Wẹ́sìdè, ó ní afẹ́fẹ́ fáánù ló ń da wáyà láàmú, ó sì pa gbogbo fáánù. Òógùn bo àwọn atẹ̀wé.

Wúlẹ̀mọ̀tù ní, "Ẹnjiníà, ṣé ká bọ́ aṣọ náà ni? Bóyá á yá sí i."

Ní Tọ́sìdè, Wúlẹ̀mọ̀tù pe Efua sọ́dọ̀. Ó pe fáìlì rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ tí kò gbọ́n yẹn. Ó ṣí lójú ẹsẹ̀.

"Táhírù, wáà. Ṣé wáyà tèmi yàtọ̀ ni?"

"Rárá, Àǹtí. Ọ̀kan náà ni."

"Fáánù ńkọ́?"

"Ọ̀kan náà ni."

"Àbí ọyẹ́ mọ̀ mí lórúkọ ló ṣe fò mí?"

Táhírù tún yọjú wo abẹ́ tábìlì.

"Kí lo wá fi sínú tiwọn tí o ò fi sínú tèmi?"

Ìbéèrè kan ṣoṣo nìyí, ó sì gba ọjọ́ mẹ́rin kí ẹnikẹ́ni tó bi í. Táhírù jókòó, ó ṣí ojú ewé tó ń fi èdè tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ hàn. Ọ̀kan péré ló wà lórí ti Wúlẹ̀mọ̀tù. Ó lọ wo èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń lò: èdè mẹ́rin. Ọjọ́ Sátidé tí ètò tuntun bi í léèrè pé èwo ni kí òun máa sọ, ó yan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ke? Kí ló dé?"

"Àǹtí, Kumasi la wà. Ẹni tó gbọ́ èdè kan ṣoṣo, ebi ni yóò pa á. Yorùbá nílé, Hausa ní Asawase, Twi lọ́jà, Gẹ̀ẹ́sì níbi iṣẹ́. Mo ní kí àwọn náà gbọ́ gbogbo rẹ̀."

"Ó dára. Bí o bá fẹ́ ra kẹ́ńkè jẹ lọ́wọ́ ìyá Efua tó ń tà á lọ́jà, ṣé wàá kọ́kọ́ kí i ní Hausa, kí o dúró kó dáhùn? Kí o kí i ní Yorùbá, kí o tún dúró? Kí o wá kí i ní Gẹ̀ẹ́sì, kí Twi tó kàn ọ́?"

Efua, tí kò gbọ́ ju orúkọ rẹ̀ àti kẹ́ńkè lọ nínú Yorùbá náà, bú sẹ́rìn-ín.

Ohun tí kọ̀ǹpútà mẹ́rin náà ń ṣe nìyẹn gẹ́lẹ́. Èdè kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà àgbà gbọ́, òun náà ló sì wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Táhírù yọ mẹ́ta kúrò, ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Ó pe fáìlì Efua. Ó ti dé kó tó gbé ọwọ́ kúrò. Ó ṣe mẹ́ta yòókù bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n kírun Jímọ̀ tán, Alájì bi í pé kí ló ṣe é. Táhírù ti to Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá sílẹ̀ láti àná, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè tú. Wúlẹ̀mọ̀tù wúkọ́.

Táhírù ní, "Alájì, èmi ni mo bà á jẹ́. Àǹtí ló bá mi rí i."

Alájì dá a lóhùn. "Mo ní bí ó bá ṣì ń rìn bí ìgbín. Kò rìn bí ìgbín mọ́, n kò sì ní yẹ ọ̀rọ̀ mi. Jókòó. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, ohun tí Wúlẹ̀mọ̀tù kò bá fọwọ́ sí, o kò gbọdọ̀ fi sínú kọ̀ǹpútà kankan níbí."

Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní olórí kọ̀ǹpútà tí olórí wà lórí rẹ̀. Táhírù gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n so yìgì ní ọjọ́ tí wọ́n dá, ààfáà kò sì bèèrè ju pé ṣé iṣẹ́ ṣì wà.

Ní ìparí ọdún 1998, Táhírù Abọ́dẹrìn ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Alájì Sàláúdéènì ní Ayigya, ní tábìlì kejì sí ẹnu ọ̀nà. Òun àti Ràzíátù ń gbé yàrá méjì ní Asawase.