Ìlà Ṣọ́ọ̀kì Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Ìdáná

Epo ló ṣáájú. Epo pupa, odidi ìgò kan, lórí ilẹ̀ símẹ́ǹtì tí Tíṣà Victoria ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ tán. Olúwajùwọ́nlọ jókòó sí àárín rẹ̀ bí ọba kékeré, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a. Pà. Pà. Pà.

"Olúwajùwọ́nlọ!"

Ọmọ fò dìde, ó yọ̀, ó ṣubú, ó tún dìde, ó sá. Ipa ẹsẹ̀ kéékèèké, láti ilé ìdáná dé pálọ̀, láti pálọ̀ dé ẹ̀yìn ìró ìyá rẹ̀.

Ọmọ ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta. Ọmọ ọmọ Tíṣà Victoria. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọjọ́ náà. Tó bá di ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, Esther, ìyá ọmọ, yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìjerò. Ọdún mẹ́rin ló fi wá iṣẹ́ yìí. Ládélé ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ l'Ábújá, ìdí nìyẹn tí Esther fi gbé ọmọ wá bá ìyá ọkọ rẹ̀ ní Òkè-Ìmẹ̀sí. Ṣùgbọ́n ọmọ kò gbà. Bí ìyá rẹ̀ bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà, igbe. Bí ìyá àgbà bá nawọ́ sí i, igbe.

"Mọ́mì," Esther wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "tó bá fi máa di ọjọ́ Àìkú tí kò yí padà, màá kọ̀wé sí wọn pé n kò lè wá mọ́."

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Tíṣà Victoria fi kọ́ ọmọ ilé ìwé. Ogójì ọmọ nínú kíláàsì kan, kò sí èyí tó ń mira. Ṣé ẹyọ kan ṣoṣo ni yóò wá borí rẹ̀?

Ó mú ṣọ́ọ̀kì. Páálí kan ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó fa ìlà funfun sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, tààrà, bí ìgbà tó ń fà á sójú pátákó.

"Ààlà rèé. A kì í kọjá rẹ̀. Ṣó o gbọ́?"

Ọmọ wo ìlà. Ó wo ìyá àgbà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ahọ́n lá a.

"Olúwajùwọ́nlọ!"

Ó tún sá.

Nígbà tó máa fi di Ọjọ́bọ̀, ìlà ti di mẹ́rin nínú ilé. Ọmọ fi ìdí nu méjì nù, ó fi ẹ̀kọ mímu pa ìkẹta rẹ́. Gààrí wọnú omi mímu. Sálúbàtà ìyá àgbà wọnú ìkòkò ilá. Orúkọ ọmọ sì ń dún títí dé òdìkejì ògiri, níbi tí Ìyá Moses ń gbé, ìyá arúgbó tó tọ́ ọmọ mẹ́sàn-án tí kò sì ka iye ọmọ ọmọ mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló dá asẹ́ tó yá padà. Ó rí ìlà, ẹ̀rín pa á.

"Tíṣà, ṣé ààlà oko lò ń wọ̀n nínú ulé ni?"

"Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín, Ìyá Moses. Ọmọ yìí fẹ́ pa mí."

"Pè é kí n rí i."

"Olúwajùwọ́nlọ!"

Orí ẹní lọmọ wà, ó ń fi ọmọrí ìkòkò ṣeré jẹ́jẹ́. Ó ju ọmọrí sílẹ̀, ó sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ìyá Moses kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Kí ló ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Látìgbà tó ti dé, ìgbà wo lo pe orúkọ rẹ̀ tí kì í ṣe pé ó da nǹkan nù?"

Tíṣà Victoria ń kà á sórí ìka. Epo. Gààrí. Sálúbàtà.

"O ti sọ orúkọ ọmọ di pàṣán. Ta ní í jókòó de pàṣán? Ṣé o tilẹ̀ ti fi oríkì jí i rí?"

Oríkì. Nínú ilé tí wọ́n bí Tíṣà Victoria sí, ní àdúgbò yìí kan náà, ọmọ kì í bọ́jú kí ìyá àgbà tó kì í lórí ẹní. Òun rò pé nǹkan àwọn tí kò ní aago ni.

"Kí ni oríkì rẹ̀?"

"Àlàó."

"Kí lo wá ń dúró dè? Ọmọ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, iṣẹ́ ló ń wá nínú epo yẹn. Gbé epo sókè, kó o gbé iṣẹ́ sílẹ̀ fún un."

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Tíṣà Victoria kúnlẹ̀ ti ẹní, orúnkún rẹ̀ ń ké.

"Àlàó." Ohùn rẹ̀ dà bí àlejò tó ń kan ilẹ̀kùn. "Àlàó, ọkọ mi. Ọmọ Ládélé. Jí ire."

Ọmọ la ojú kan, ó ń retí igbe. Kò gbọ́ igbe. Ó la èkejì. Kò wá bá a. Ṣùgbọ́n kò sá.

Epo gòkè sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Abọ́ omi díẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, pẹ̀lú àwo rọ́bà, ṣíbí méjì, àti àkísà kan tí í ṣe tirẹ̀. Ọmọ fọ àwo. Ó fọ ilẹ̀. Ó fọ ikùn ara rẹ̀. Ìyá àgbà di eyín, ó ń wò ó.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, gbogbo ẹ̀kọ mímu dà sórí tábìlì. Igbe náà dé ọ̀fun Tíṣà Victoria, ó dé eyín. Ó gbé e mì.

"Olúwajùwọ́nlọ," ó rọra wí. "Ẹ̀kọ ti dà. Kí la máa ṣe báyìí?"

Ọmọ wò ó. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ó lọ mú àkísà rẹ̀ wá. Tábìlì tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá àgbà ní, "O ṣeun, Àlàó." Esther ń wò wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Kò sì kọ ìwé kankan lọ́jọ́ Àìkú.

Ọjọ́ Ajé. Ọ̀kadà ti ń dún níta. Esther gbé báàgì kọ́ èjìká. Ọmọ wo báàgì, ó wo ìyá rẹ̀. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Àlàó!" Ohùn náà wá láti ilé ìdáná. "Omi ti dé o! Àwo ń retí rẹ!"

Ọmọ dúró láàárín méjì. Lẹ́yìn náà ó sáré. Lọ́tẹ̀ yìí, síhà ibi tí ohùn ti wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ìlà ṣọ́ọ̀kì tó kù kọjá.

Bí ọ̀kadà ṣe ń gbéra, Esther gbọ́ tí ṣíbí já bọ́. Ó gbọ́ tí omi dà. Ó dúró de igbe.

"Olúwajùwọ́nlọ," ìyá ọkọ rẹ̀ ń wí nínú ilé, "ó ti dà nìyẹn. Gba àkísà, jẹ́ ká jọ nù ún."