Àgádágodo Ẹnu Ọ̀nà Iwájú

Ohùn ni mò ń tà. Bí ẹ bá gbọ́ obìnrin kan lórí rédíò tó ń fi ẹ̀rín polówó ọṣẹ ọmọ ọwọ́ ní Yorùbá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni, nínú wọ́dúròòbù, ní Minanata, ní Sókótó, tí òógùn ti bò mí. Wọ́dúròòbù ni mo fi ṣe yàrá iṣẹ́, torí pé aṣọ inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ariwo wọlé púpọ̀. Mo máa ń pa fáànù kó má baà wọnú ohùn. Ẹni tó ń gbé iṣẹ́ fún mi wà ní Ìbàdàn, a ò fojú kanra rí. Á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù, màá kà á, màá fi ohùn ránṣẹ́ padà.

Iṣẹ́ yìí ló lé ọkọ mi jáde nílé, tàbí kí n sọ pé òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ń ta páàtì ọ̀kadà ní Kasuwar Kara, ọjà tí ẹnikẹ́ni kì í ti í sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Tó bá wá délé, èmi á ní kó dákẹ́. "Ilé mi, mi ò lè wúkọ́ nínú rẹ̀." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn nígbà gbogbo. Lọ́jọ́ kan, ó sín gbàmù níbi tí mo ti ń ka gbólóhùn tó kẹ́yìn, mo sì sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i. Ó kó aṣọ sínú báàgì, ó di ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Gidan Igwai. Mo ṣì gbà pé èmi ni mo jàre. Ṣé èèyàn ò lè lọ sín níta ni? Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún látọjọ́ yìí wá dé, ó kún ilé, mi ò sì mọ ohun tí màá fi ṣe.

Mi ò pè é, òun náà ò pè mí. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi ní Ìlọrin, tí ọkọ bá bínú jáde, ìyàwó kì í sáré tẹ̀ lé e, àgbà ni í dá sí i. Àgbà kan ṣoṣo tí ọkọ mi ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu ni ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo mọ̀ pé bí Màmá bá dá sí i, ọkọ mi á padà wálé. Mo bá jókòó, mò ń retí Màmá.

Dípò Màmá, àwọn obìnrin ìlú wa tó wà ládùúgbò ni wọ́n ń wá. "A ní ká yà kí yín ni o. Ẹ kú ìfaradà." Wọ́n á jókòó, wọ́n á mi orí, wọ́n á béèrè bóyá ó ti rí obìnrin mìíràn. Tí wọ́n bá lọ tán, tí mo padà sínú wọ́dúròòbù, ohùn mi á máa gbọ̀n. Mo fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́, ọ̀gá Ìbàdàn dá a padà: "Àǹtí, ọṣẹ là ń polówó, ẹ wá ń sunkún." Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí, torí iṣẹ́ yẹn nìkan ló kù tó ń pè mí.

Mo sọ fún ara mi pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo bá dá ọgbọ́n kan. Láràárọ̀, màá gbé àgádágodo ńlá sẹ́nu ọ̀nà iwájú láti ìta, màá gba ẹ̀yìn wọlé láti ilé ìdáná. Ẹni tó bá wá á rí àgádágodo, á ní mo ti jáde. Fóònù náà, màá pa á. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Èmi, ẹ̀rín náà ni iṣẹ́ mi. Ó débi pé mo lè jí tòun ti ojú wíwú, kí n fọ aṣọ, kí n sá a síwájú ilé, kí n wọnú wọ́dúròòbù, kí n sì máa rẹ́rìn-ín bí ìyá ìkókó.

Mo ka ìpolówó kan láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọjọ́ kejì ni mo tó jókòó láti tún un ṣe. Mo fi ìgbọ́hùn bo etí. Bí mo ṣe ń gbọ́ "ẹ wo bí ara ọmọ ṣe ń jọ̀lọ̀", mo gbọ́ kó, kó, kó lábẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan ń kanlẹ̀kùn nínú ohùn àná, tí mi ò gbọ́ nígbà tí mò ń kà á. Mo yí ohùn sókè.

"Salaamu alaekun. Ìyàwó mi, èmi ni o."

Màmá ni. Ó tún kanlẹ̀kùn. Mo wá gbọ́ Hajiya, aládùúgbò wa, tó ń sọ fún un ní Hausa pé mi ò sí nílé: "Ba ta nan." Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rín tèmi ni mo gbọ́.

Mo tan fóònù, mo pe Màmá. Ariwo ọkọ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

"Ẹ káàsán, Màmá. Níbo lẹ wà?"

"Ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ ni mo sùn lánàá. A ti dé Jẹ́bà báyìí, mò ń padà sílé."

"Ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ń bọ̀."

"Ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù, mo ní kí n fẹsẹ̀ ara mi wá ni. Mo bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà. Mo fẹ́ jókòó dè ọ́, mo wá rí aṣọ lórí okùn, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Mo ní ó dáa. Ìyàwó mi wà nínú ilé, kò fẹ́ rí wa ni."

Mo fẹ́ sọ fún un pé ilé ń pa mí, pé mi ò jẹun gidi láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti lọ, pé òun gan-an ni mò ń retí. Mo la ẹnu, ohùn iṣẹ́ ló jáde. "Rárá o, Màmá, iṣẹ́ ni mò ń ṣe." Ó dùn, ó jọ̀lọ̀, kò gbọ̀n rárá.

Màmá ní, "Ohùn rẹ mà dùn. Mo rò pé inú ẹkún ni màá bá ọ. Ọmọ tèmi ò lè dárúkọ rẹ kí ohùn rẹ̀ má há." Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Màá sọ fún un pé ara rẹ yá, kó fi ọ́ sílẹ̀ kó o máa ṣiṣẹ́ rẹ."

Fóònù já. Mo pè, kò lọ. Mo tún pè, kò lọ. Nígbà tó fi máa wọlé, Màmá ti bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ òun. Mo gbé nọ́ńbà ọkọ mi síwájú, mi ò tẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ ohùn tó máa jáde.

Ọ̀gá Ìbàdàn ń retí iṣẹ́. Mo gé ìlẹ̀kùn tí Màmá kàn kúrò, mo gé "èmi ni o", mo so ẹ̀rín mi pọ̀, mo fi í ránṣẹ́. Kò pẹ́ tó fi dáhùn: "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Èyí mọ́ dáadáa. Kò sí ariwo ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀."