Wisikí Tí Bàbá Mi Mu

Oòrùn ti gun orí páànù ilé Bùọ̀dá Láńre láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn. Fèrèsé méjèèjì inú yàrá wọn ṣí sílẹ̀ gbayawu, ìmọ́lẹ̀ tàn bo ibùsùn, òórùn èèpo ọsàn tí a bó lọ́jọ́ Sátidé sì ṣì ń fẹ́ wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife ògì gbígbóná tí Àǹtí Dúpẹ́, ìyàwó wọn, ní kí n gbé wá. Bùọ̀dá Láńre jókòó sétí ibùsùn, wọ́n kọjú sí fèrèsé gan-an, wọ́n la ojú méjèèjì sílẹ̀. Wọ́n wá ní, "Dúpẹ́, ṣé ilẹ̀ ò tíì mọ́ ni? Tan àtùpà kí n rí bàtà mi."

Bàtà náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn, nínú oòrùn. Mi ò mọ ìgbà tí ife bọ́ lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo rántí ni pé ògì gbígbóná ta sí mi lẹ́sẹ̀, mi ò sì ké. Àǹtí Dúpẹ́ sáré wọlé, wọ́n wo ọkọ wọn, wọ́n wo fèrèsé, wọ́n wá rọra fi ọwọ́ kọjá níwájú ojú ọkọ wọn. Bùọ̀dá Láńre ò ṣẹ́jú.

Ẹ̀yin tí a jọ ṣe ọmọdé lápá Ẹgbẹ́dá yóò rántí bí ó ti rí láyé ìgbà náà. Òmìnira ò tíì pẹ́ tí a gbà á. Kòkó ni wọ́n ń sá sórí ẹní lẹ́bàá títì, bí ọkọ̀ òfuurufú bá sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní Alákìá, gbogbo wa á sá jáde láti juwọ́ sí i, bí ẹni pé àwọn tó wà nínú rẹ̀ mọ̀ wá. Tíṣà ni bàbá mi, wọ́n tún jẹ́ díákónì nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ọtí ò wọ ilé wa. Egbò igi tí àwọn ará àdúgbò ń fi ògógóró rẹ, omidùn ni ìyá mi fi ń rẹ ẹ́. Bí a bá pàdé ọ̀mùtí lọ́nà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́, bàbá mi kì í bú u. Wọ́n á kàn wo àwa ọmọ lójú, wọ́n á ní, "Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run." Ó parí nìyẹn.

Bùọ̀dá Láńre nìkan ni àbúrò tí bàbá mi ní lọ́mọ ìyá. Ọwọ́ bàbá mi ni wọ́n dàgbà sí, nítorí pé ìyá àwọn méjèèjì tètè kú. Nígbà tó yá, Bùọ̀dá Láńre lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì, wọ́n sì padà wá ṣiṣẹ́ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú ní Alákìá. Wọ́n gba ilé kan lápá òdìkejì ìlú, wọ́n sì gbé kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan sí pálọ̀. Ìgò ọtí ló kún inú rẹ̀, wọ́n tò ó bí ẹgbẹ́ akọrin tó fẹ́ dìde kọrin. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí i, ẹ̀rù bà mí débi pé mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé ilẹ̀ yóò là níbẹ̀ kó gbé kọ́bọ́ọ̀dù náà mì, mi ò sì fẹ́ kó gbé mi pẹ̀lú.

Ilẹ̀ ò là. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, gbogbo ìsinmi ilé ìwé ni mo máa ń lọ lò díẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, tí mo ń bá Àǹtí Dúpẹ́ ṣe iṣẹ́ ilé. Bùọ̀dá Láńre ò jẹ́ kí ẹ̀kán ọtí kan kàn mí lẹ́nu rí, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn àlàyé. Bí èmi àti Àǹtí Dúpẹ́ bá ń fún ọsàn nítorí àlejò, wọ́n á dúró tì wá, wọ́n á máa sọ ọ̀rọ̀ ọtí bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. "Ọtí kì í dá rìn, Mojí. Ẹni tí yóò bá a rìn ni kí o kọ́kọ́ wá." Wọ́n ní jíìnì fẹ́ ohun tó korò àti ohun tó kan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bu omi tóníìkì sí i, tí wọ́n sì ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e. Wisikí, àgbà ni. Sódà tútù tàbí omi lásán tó o, ẹni tó bá sì bu ṣúgà sí i ti rí àgbà fín. Rọ́ọ̀mù ló ń jẹ ṣúgà ní tirẹ̀, nítorí pé inú oko ìrèké ni wọ́n ti bí i. Ní ti bùráńdì, ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n fi atalẹ̀ ṣe ló bá a mu. Kọ́kútéèlì ni wọ́n ń pe àwọn àpòpọ̀ náà. Mo mọ̀ wọ́n lórí bí mo ti mọ orúkọ àwọn ìwé inú Bíbélì, mi ò sì jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ nílé wa láéláé.

Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ jù ni bí a ti ń yan ìgò fúnra rẹ̀. "Wo ọrùn rẹ̀ kí o tó wo ojú rẹ̀," ni wọ́n máa ń sọ. Wọ́n ní kò sẹ́ni tí kò lè lẹ bébà dáradára mọ́ ara ìgò, ṣùgbọ́n bí èdìdì ọrùn rẹ̀ bá ti ṣí rí, kí onítọ̀hún máa gbé ọtí rẹ̀ lọ.

Bí bàbá mi bá ń bọ̀, Àǹtí Dúpẹ́ á ta aṣọ bo kọ́bọ́ọ̀dù. Bàbá mi mọ ohun tó wà lábẹ́ aṣọ, gbogbo wa sì mọ̀ pé wọ́n mọ̀. Wọ́n á jókòó, wọ́n á mu omi, wọ́n á béèrè àlàáfíà ilé. Wọ́n ti sọ tiwọn fún àbúrò wọn lẹ́ẹ̀kan, wọn ò tún un sọ. Bùọ̀dá Láńre ní tiwọn ò gbé ife ọtí sẹ́nu lójú ẹ̀gbọ́n wọn rí, bí wọ́n tilẹ̀ ti di baálé ilé.

Lọ́jọ́ Sátidé tí mò ń wí yìí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Bùọ̀dá Láńre ga lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì pe àwọn ọ̀rẹ́ díẹ̀ wá sílé lọ́sàn-án. Jíìnì ti tán nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló gbé ìgò kan wá, tayọ̀tayọ̀, ó ní òun rí i rà lọ́pọ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan ní gáréèjì. Mo wà níbẹ̀, mo gbé àwo ọsàn wẹ́wẹ́ dání. Mo rí i bí Bùọ̀dá Láńre ti gba ìgò náà, tí wọ́n fẹ́ yí ọrùn rẹ̀ síbi ìmọ́lẹ̀. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí ojú ọ̀rẹ́ wọn tó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n rọra gbé ìgò náà kalẹ̀ sórí tábìlì láì wò ó, wọ́n sì dúpẹ́. Ta ni yóò máa yẹ ẹ̀bùn wò lójú ẹni tó fún un?

Àwọn ìyókù mu bíà àti wisikí. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì nìkan ló mu jíìnì náà, wọ́n pò ó mọ́ tóníìkì àti ọsàn wẹ́wẹ́ títí ó fi dùn. Lọ́jọ́ Àìkú, orí àti inú ń dun Bùọ̀dá Láńre, wọ́n ní àṣejù ni, wọ́n sùn. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, kò mọ́ fún wọn.

Èmi ni Àǹtí Dúpẹ́ rán lọ pe bàbá mi. Ẹ̀yìn ilé ni mo ti bá wọn, wọ́n ń ro ìdí ẹ̀gẹ́. Mo ní, "Bùọ̀dá Láńre ò ríran mọ́." Wọ́n ju ọkọ́ sílẹ̀, wọn ò fọ ẹsẹ̀, wọn ò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n, takisí ti gbé gbogbo wa dé ilé ìwòsàn ìjọ kan n'Íbàdàn. Bùọ̀dá Láńre ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré. Wọ́n ní gbogbo nǹkan funfun, bí ìgbà tí èèyàn bá kojú bọ inú òwú.

Dókítà ọ̀dọ́ kan, ọmọ Yorùbá, ló yẹ̀ wọ́n wò. Ó béèrè ohun tí wọ́n mu àti ẹni tí wọ́n jọ mu ún. Bàbá mi rán onítakisí lọ sílé Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran kíá. Nígbà tí ọkùnrin náà padà dé, kò wọlé. Ó fọwọ́ pe bàbá mi síta. Láàárọ̀ yẹn ni Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran kú. Àwọn ará ilé rẹ̀ rò pé ibà ni.

Ohun tí dókítà sọ lẹ́yìn ìyẹn, mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi, mi ò sì gbà á gbọ́. Ó ní májèlé ló wà nínú ọtí ayédèrú náà, ọtí gidi ló sì lè dá a dúró. Bí ọtí gidi bá wọ inú ara, òun ni ara yóò kọ́kọ́ dojú kọ, májèlé ọ̀hún á sì ráyè bá ìtọ̀ jáde láì ba ojú àti ẹ̀mí jẹ́. Ó ní ilé ìwòsàn ìjọ làwọn, sípírítì tí wọ́n fi ń nu egbò ló wà lọ́wọ́ àwọn, ìyẹn ò sì ṣeé mu. Ó yíjú sí bàbá mi, díákónì, ó ní, "Bí ẹ bá ní wisikí gidi nílé, èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí, ẹ sáré gbé e wá, sà."

Àǹtí Dúpẹ́ ò lè fi ọkọ wọn sílẹ̀, nítorí náà èmi àti bàbá mi la padà sí Ẹgbẹ́dá. Bàbá mi ká aṣọ kúrò lójú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n sì dúró síwájú rẹ̀. Wọ́n mọ ìwé kà ju ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ń lọ láti orí ìgò kan sí èkejì, kò dúró síbì kan. Ìgò jíìnì náà wà láàárín wọn, ó mọ́ roro bí omi òjò. Bàbá mi bi mí pé, "Mojí, èwo ni kò ní pa á?"

Mo sọ fún wọn pé ọrùn là ń wò. A gbé wọn síbi fèrèsé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì rí wisikí kan tí èdìdì rẹ̀ ò ní àmì kankan. Bàbá mi gbé e lọ́wọ́ lásán jáde sí títì, wọn ò fi nǹkan kan bò ó. Àwọn tó mọ̀ wọ́n ń kí wọn, wọ́n ń dáhùn.

Nílé ìwòsàn, dókítà díwọ̀n wisikí sínú ife, ó ní kí a fi omi ọsàn là á kó lè ṣeé gbé mì. Bàbá mi gba ọsàn, wọ́n là á, wọ́n fún un pẹ̀lú ọwọ́ tí erùpẹ̀ oko ṣì wà léèékánná rẹ̀, wọ́n sì gbé ife náà sí àbúrò wọn lẹ́nu. Bùọ̀dá Láńre mọ ọwọ́ ẹni tó gbé ife. Wọ́n yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n pa ẹnu dé. Omijé ń bọ́ lójú tí kò ríran náà. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jáde ná. Mi ò lè mu ún lójú yín."

Dókítà ń bẹ̀ wọ́n, Àǹtí Dúpẹ́ ń bẹ̀ wọ́n. Bàbá mi ò bẹ̀ wọ́n. Wọ́n gbé ife náà sẹ́nu ara wọn, wọ́n sì mu ún. Mo rí i bí ọ̀fun wọn ti gbé e mì. Ikọ́ gbé wọn, ojú wọn pọ́n, wọ́n di etí ibùsùn mú. Wọ́n wá ní, "Láńre, ṣé o gbọ́ ikọ́ mi? Mo ti mu tèmi. Ó ku tìrẹ."

Bùọ̀dá Láńre la ẹnu.

Bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé ilé ìwòsàn náà wó, ì bá má yà mí lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Títí di ọjọ́ kejì ni bàbá mi fi ń fún ọsàn, tí wọ́n ń po wisikí, tí wọ́n ń gbé e sí àbúrò wọn lẹ́nu bí ìyá tó ń rọ ọmọ lógì.

Ẹ̀mí Bùọ̀dá Láńre ò bọ́. Ojú wọn náà padà, ṣùgbọ́n kò padà tán. Wọ́n ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo nǹkan láti inú omi. Wọ́n fi iṣẹ́ Alákìá sílẹ̀, wọ́n gba oko kan lápá Ọ̀nà-Àrà, wọ́n ń sin adìẹ. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni bàbá mi máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀ láti ka ìwé ìròyìn sí wọn létí.

Ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì tó rí wọn lọ́jọ́ náà jẹ́ ọmọ ìjọ wa. Kí ọjọ́ Ìsinmi tó dé, gbogbo ìjọ ti gbọ́. Àwọn àgbà ìjọ pe bàbá mi, wọ́n ní àwọn mọ̀ pé nítorí àìsàn ni, ṣùgbọ́n ṣé kò sí ọ̀nà tí wọn ì bá fi gba àbúrò wọn níyànjú láìjẹ́ pé díákónì fúnra rẹ̀ mu ún. Bàbá mi ní, "Ó ṣeé ṣe kó wà. Kò sí lọ́kàn mi nígbà náà." Wọ́n ní kí bàbá mi dìde lórí àga díákónì títí ọdún yóò fi parí. Bàbá mi wá ń jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú wa, wọ́n ń bá wa wo ìwé orin kan náà, ojú ń tì mí ju bí ó ti ń tì wọ́n lọ.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn, ohun tó yà á lẹ́nu ni pé bàbá rẹ̀ mu wisikí. Mo ti ju ọjọ́ orí tí bàbá mi wà nígbà náà lọ fíìfíì báyìí, ìyẹn ò sì yà mí lẹ́nu mọ́. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni gbogbo ọdún tó tẹ̀ lé e, tí àwọn méjèèjì fi jókòó lábẹ́ igi lóko adìẹ yẹn, ẹnìkan ń kàwé, ẹnìkejì ń fetí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ló ṣẹ, kò sì sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n kú láì sọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, "Ṣé mi ò sọ fún ọ?" Èmi ti tọ́ ọmọ mẹ́rin, mo mọ bí gbólóhùn yẹn ti dùn tó lẹ́nu àgbà. Mi ò tíì rí ọjọ́ tí mo gbé e mì.