Bánkà Bàbá Onílé

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ni bàbá onílé mi ní Ìjẹ̀bú-Òde kọ́kọ́ pè mí wá gbọ́ èsì bọ́ọ̀lù lórí rédíò. Fún ọdún méjì tí mo fi gbé ilé rẹ̀, náírà kan péré ló ń fi ta tẹ́tẹ́ púùlù lọ́sẹ̀.

Àwọn atatẹ́tẹ́ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Bàbá, ẹ ò ní bánkà ni?" Bánkà ni nọ́ńbà tó dáni lójú.

Á dá wọn lóhùn pé, "Mo ní ẹyọ kan. Ayépé ni mo sin ín sí." Ìyàwó rẹ̀ tó ti kú ló ní lọ́kàn.

Ọjọ́ tí mo sọ fún un pé mo ríṣẹ́ sí Èkó, ó ta náírà méjì. "Ọ̀kan tìrẹ ni. Bí ó bá jẹ, wá gbà á."

N kò mọ̀ bóyá ó jẹ. Ṣùgbọ́n mo fojú mi rí i lọ́jọ́ náà pé orúkọ mi ló kọ sẹ́yìn kúpọ́ọ̀nù tẹ́tẹ́ kejì.