Ọjọ́ Tí Kuchta Ná Apá Tuttle

Nílùú Verlon, bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Delmar Kuchta, ọjọ́ tó ná Ambrose Tuttle bí ẹni ń nájà ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ.

Ilé oúnjẹ Odessa ni àwọn méjèèjì jókòó sí láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹyin díndín àti kọfí wà níwájú wọn. Kuchta ni olùdarí Àwọn Alágbẹ̀dẹ, ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù wa, ẹgbẹ́ kékeré ní ìlú kékeré tí oko àgbàdo yí ká. Tuttle ní tirẹ̀ jẹ́ ajubọ́ọ̀lù, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí alátakò tó fẹ́ fi kóńdó gbá a, ó sì ti gbayì rí ní àwọn ìlú ńláńlá. Ṣùgbọ́n ó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí èjìká rẹ̀, àdéhùn òun àti ẹgbẹ́ tó wà tẹ́lẹ̀ sì ti parí. Ó lómìnira láti lọ síbi tó bá wù ú. Ibi tó wù ú ni kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ níbẹ̀.

“Owó tí ẹgbẹ́ wa ń san kò ṣeé fẹnu sọ,” ni Kuchta wí, “nítorí náà, má jẹ̀ẹ́ ká sọ ọ́. Ohun tó kù la máa ná. Màá fún ẹ ní yàrá kan lókè ilé ìtajà irinṣẹ́. Kò ní fèrèsé.”

“Mo gbà, bàbá.”

Kuchta gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀. “O gbà báwo?”

“Mo gbà á bẹ́ẹ̀.”

“Mo ní kò ní fèrèsé!”

“Mo gbọ́, bàbá. Oorun ni mo fẹ́ sùn níbẹ̀.”

Ojú Kuchta yí padà. Ọkùnrin tó bá onípósí ná pósí ìyá rẹ̀ títí onípósí fi juwọ́ sílẹ̀ ni. Kò tíì bá ẹni tó gba iye àkọ́kọ́ pàdé rí. “Ó dáa. Ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ kan wà tí wàá máa wà. Kì í lọ sẹ́yìn.”

“Màá máa wà á lọ síwájú.”

“Ọlọ́run mi! Ṣé ara ẹ ò yá ni?” Kuchta na ìka sí i. “Ẹni tí kò lè bá arúgbó ná yàrá, ṣé òun ló máa dojú kọ ẹni tó di kóńdó mú? Jókòó dáadáa, kí o ná mi!”

Tuttle wo àwo rẹ̀ títí. Ó wá rọra sọ pé, “Bàbá, ẹ̀yin nìkan lẹ pè mí.”

Kuchta ti àwo ẹyin rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, “Wọn kì í sọ ìyẹn fún oníbàárà. Ká bẹ̀rẹ̀ látòkè.” Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ ná an, ó ń fi kún un fúnra rẹ̀. Ó fi fèrèsé kan kún yàrá náà. Ó ní òun máa tún ọkọ̀ ṣe kó lè máa lọ sẹ́yìn. Ó ní ìyàwó òun, Hedwig, máa yan páì èso ápù kan fún un ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi. Gbogbo rẹ̀ ni Tuttle ń gbà, bí ẹni tí wọ́n ń ka ẹ̀ṣẹ̀ sí lọ́rùn. Nígbà tó di ọ̀sán, Odessa tó ni ilé oúnjẹ kò lè mú un mọ́ra mọ́. “Ọ̀gbẹ́ni, ẹ sọ pé páì méjì lẹ fẹ́! Ẹ fẹ́ kí àwọn èèyàn yìí jókòó síbí di alẹ́ ni?”

Ẹ̀rín pa Tuttle. Ó gbá tábìlì. “Páì méjì! Fèrèsé tó kọjú sí ìlà-oòrùn! Èmi ni mo sì máa ju bọ́ọ̀lù ọjọ́ àkọ́kọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mò ń lọ!”

Kuchta kígbe pé wọ́n ti ja òun lólè. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó délé, ó sọ fún Hedwig pé ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun. Hedwig ní láti ìgbà tí òun ti mọ̀ ọ́n, òun kò tíì rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Inú Philippa Renquist ni kò dùn. Màdáámú Renquist ló ni ilé iṣẹ́ wàrà, òun ló sì ni ìpín tó pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ náà. Àga ń ṣófo ní pápá wa nígbà náà. Olówó kan láti ìlú míì fẹ́ ra ẹgbẹ́ náà kó sì kó o lọ. Màdáámú gbà pé ọ̀dọ́ méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì la nílò, kì í ṣe àgbàlagbà kan.

“Kuchta, èjìká ọkùnrin yẹn ti ya rí,” ló sọ níbi ìpàdé. “Ṣé ilé ìtọ́jú arúgbó la fẹ́ dá sílẹ̀ ni?”

“Màdáámú, àwọn ọmọ tí a ní lè ju bọ́ọ̀lù kó lu ògiri já. Àmọ́ tí ẹnì kan bá ti gbá a jáde kúrò ní pápá lẹ́ẹ̀kan, ẹkún ló kù. Ta ló máa dúró tì wọ́n? Èmi? Láyé mi, ọ̀rọ̀ nìkan ni mo lè jù kó bá ẹni tí mo fẹ́.”

“Bó bá wá pàdánù ńkọ́?”

“Kí ẹ bínú sí mi.”

“Mo ti ń bínú sí ẹ tẹ́lẹ̀.”

“Ẹ ò rí i pé kò ní ná yín ní nǹkan kan?”

Bí Màdáámú Renquist ṣe fọwọ́ sí i nìyẹn, pẹ̀lú ìmí ẹ̀dùn.

Tuttle pàdánù ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sì tún pàdánù lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn èèyàn hó lé e lórí. Ó ń padà sí orí ebè tó wà láàárín pápá níbi tí ajubọ́ọ̀lù ń dúró sí, ó sì ń ju bọ́ọ̀lù mìíràn. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀dọ́ ajubọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó tì í. Ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń mí kí wọ́n tó jù ú, àti bí wọ́n ṣe ń gbàgbé èyí tí wọ́n ti gbá jáde. Ẹkún dín kù. A bẹ̀rẹ̀ sí í borí. Àga kún díẹ̀díẹ̀, títí tó fi ku ìdíje kan ṣoṣo láàárín àwa àti ẹgbẹ́ Kessler, pé ẹni tó bá borí ló máa lọ jà fún ife-ẹ̀yẹ.

Tuttle ló ju bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà. Ó jù ú bí ẹni tó padà sí ìgbà èwe rẹ̀, a sì fi àmì kan ṣáájú wọn. Nígbà tí eré ń lọ sópin, Kuchta rí i pé ọwọ́ òsì ló fi ń nu òógùn ojú. Ó dìde, ó rìn lọ bá a lórí ebè.

“Gbé apá ọ̀tún ẹ sókè kí n rí i.”

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n parí èyí.”

“Gbé e sókè.”

Apá náà dé àyà, ó dúró.

“Ẹnì kan péré,” ni Tuttle bẹ̀ ẹ́. “Ẹ jẹ́ kí n jù ú sí ẹnì kan péré.”

Àwa tí a wà nítòsí ń retí kí Kuchta bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàá dúrà. Ó kàn na ọwọ́. “Gbé bọ́ọ̀lù náà wá.”

“Ẹ ò tiẹ̀ ní ná an?”

“Èyí kì í ṣe ọjà, ọmọ mi.”

Tuttle gbé bọ́ọ̀lù náà lé e lọ́wọ́, omi ń dà lójú rẹ̀. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ni wọ́n gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ jáde. A pàdánù.

Verlon gbóná lọ́jọ́ náà. Àwọn kan lọ ń sọ ẹyin lu ilẹ̀kùn Kuchta. Ó jáde pẹ̀lú abọ́, ó ní bí èyí tí kò tíì fọ́ bá ṣì kù, kí wọ́n jọ̀ọ́ gbé e sínú rẹ̀, ẹyin ti wọ́n.

Màdáámú Renquist dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Gbogbo wa gbà pé ó wá lé e lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó.

“Mo rí apá rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí,” ló sọ.

“Ẹ ṣì ń bínú?”

“Mò ń bínú gan-an ni.” Ó wá ní, “Ká ní èmi ni, ǹ bá má gba bọ́ọ̀lù yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, Kuchta. Bó ṣe rí nìyẹn. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè lé ẹ.”

Ó dá olówó tó fẹ́ ra ẹgbẹ́ náà padà. Tuttle kò ju bọ́ọ̀lù ìdíje mọ́. Dókítà sọ pé ká ní ó jù ú síwájú sí i ni, kò ní lè fi apá yẹn gbé ọmọ mọ́ láyé. Ó dúró sí Verlon, ó sì ń kọ́ àwọn ajubọ́ọ̀lù wa di òní.

Ìgbà tí Kuchta ṣàìsàn, dókítà ṣàlàyé fún un pé ó ṣeé ṣe kó má kọjá ìgbà òtútù. Kuchta mi orí. “Ibi tẹ́ ẹ máa gbà mọ nìyẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi díẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di ìgbà tí yìnyín bá yọ́.” Dókítà ní kì í ṣe òun ló ń tà á. Kuchta ní kó júwe ẹni tó ń tà á.

Yìnyín yọ́. Koríko pápá hù. Ó gbọ́ ariwo eré àkọ́kọ́ láti orí ibùsùn rẹ̀, kó tó lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn kan nínú wa kò lọ sílé. Ilé ìdáná Hedwig la jókòó sí: Odessa, Tuttle, Màdáámú Renquist tó ń fọ abọ́ tó ti mọ́, àti àwa mélòó kan. Odessa ṣèèṣì bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì fọwọ́ bo ẹnu.

“Má dákẹ́,” ni Hedwig wí. “Ẹkún ti sú mi. Sọ ọ́.”

Odessa wá sọ bí Kuchta ṣe bá àlùfáà ná ìwàásù ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ lójú ìyàwó, títí àlùfáà fi gé e sí ìdajì. Tuttle rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Màdáámú Renquist náà kọ ẹ̀yìn sí wa, èjìká rẹ̀ ń mì.

Hedwig ni ìyàwó tó wọ aṣọ funfun lọ́jọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ó mọ̀ pé Odessa ti ṣi ìdajì ìtàn náà sọ. Kò tún un ṣe. Ó káwọ́ lérí ẹsẹ̀, ó sì ń fetí sílẹ̀ títí ìtàn náà fi parí.